Slide Duane Allman lórí At Fillmore East: kí ló ń ba ohùn jẹ́?

Onígìtá_Mókọ́lá:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin olólùfẹ́ Allman Brothers Band. Orin Statesboro Blues ti inú àwo wọn At Fillmore East, níbi tí Duane Allman ti ta gìtá, ni mo fẹ́ fi kọ́ slide, ìyẹn fífi ìgò tí wọ́n ki bọ ìka yọ̀ lórí okùn gìtá. Tune tí gbogbo ayé mọ̀ ni gìtá wà, E A D G B E, okùn tín-ín-rín tí wọ́n ń pè ní 9 ló sì wà lórí ẹ̀. Ohùn kì í bọ́ sójú ẹ̀, ó máa ń rẹlẹ̀ díẹ̀. Ìgò ń lu irin fret, àwọn irin tó dábùú ọrùn gìtá, gbà-gbà-gbà. Okùn tí ọwọ́ ò kàn náà tún ń pariwo. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni mo ti ṣì í? Ṣé ohun kan náà ni slide yìí àti gìtá tó ń sunkún nínú Juju Music ti King Sunny Adé? Èkejì: onílù wa ò rí ìbẹ̀rẹ̀ Whipping Post, orin wọn mìíràn, kà rárá.

Bàbá_Àwo:
Àbúrò, tune ló kọ́kọ́ ṣì ẹ́ lọ́nà. Open E ni Duane fi ń ta slide ní tirẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti okùn tó nípọn jù: E B E G# B E. Okùn tó tín-ín-rín jù là ń kà sí okùn kìíní. Fa okùn karùn-ún láti A dé B, okùn kẹrin láti D dé E, okùn kẹta láti G dé G#. Má fọwọ́ kan mẹ́ta tó kù. Tí o bá ta gbogbo ẹ̀ láìtẹ nǹkan kan, kọ́ọ̀dù E ló máa dún. Ìgò lórí fret 5 á fún ẹ ní A, fret 7 á fún ẹ ní B, fret 12 á dá ẹ padà sí E.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà rèé: D ni wọ́n ti kọ Statesboro Blues nínú àwo yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé open E ni gìtá wà. Fret 10 ni ilé. G wà ní fret 3, A wà ní fret 5, wọ́n sì tún wà lókè ní fret 15 àti 17. Ẹni tó bá jókòó sí fret 12 á kàn máa bá àwo jà ni.

Ohùn tó ń rẹlẹ̀: ìka tó ń tẹ okùn máa ń wà lẹ́yìn irin fret, àmọ́ orí irin gan-an ni ìgò gbọ́dọ̀ wà. Wo ọrùn gìtá láti òkè. Tí o bá ṣì ń rí irin náà níwájú ìgò, o ò tíì dé ibẹ̀. Má tẹ okùn wọlẹ̀, jẹ́ kí ìgò kàn sùn lé e. Ohun tó sì fà á tí ìgò fi ń lu irin ni okùn 9, ó rọ̀ jù. Fi 11, tó nípọn jù ú lọ, sí i, kó o gbé bridge, ibi tí okùn dúró lé nídìí gìtá, sókè díẹ̀.

Okùn tó ń pariwo ńkọ́? Ìka òrùka ni Duane máa ń ki bọ inú ìgò. Ìyẹn jẹ́ kí ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín ráyè sinmi lé okùn lẹ́yìn ìgò, lápá orí gìtá, kí wọ́n pa ariwo ibẹ̀. Ní ọwọ́ ọ̀tún, ju pick sílẹ̀. Àtàǹpàkò, ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín ni kó o fi ta á. Èyí tí kò bá ń ta nínú wọn, kó sinmi lé okùn tó yẹ kó dákẹ́. Mímọ́ tí ohùn Duane mọ́, ọwọ́ ọ̀tún yìí ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Ìgò Coricidin, oògùn ọ̀fìnkìn, ni tirẹ̀. Gregg, àbúrò rẹ̀, ló gbé e fún un pẹ̀lú àwo àkọ́kọ́ ti Taj Mahal, tí Jesse Ed Davis ti ta slide lórí Statesboro Blues kan náà. Duane da oògùn nù, ó fọ ìwé ara ìgò, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń ta irú ìgò yẹn fún onígìtá báyìí. Tí o bá fẹ́ lo ìgò oògùn ilé, fọwọ́ pa ara ẹ̀ dáadáa: èyí tó bá ní ojú ìpàdé tó ta yọ á máa há okùn. Tó bá tóbi jù, fi plaster we ìka.

Ti King Sunny, pedal steel ni Dèmọ́lá Adépọ̀jù ń ta níbẹ̀. Gbalaja ni ìyẹn máa ń wà lórí ẹsẹ̀ tirẹ̀, ọ̀pá irin ni wọ́n ń mú lọ́wọ́, ẹsẹ̀ sì ń tẹ pedal láti yí ohùn okùn padà. Ìmọ̀ ọ̀tọ̀ ni, àmọ́ etí kan náà ni wọ́n ń lò.

Ọmọ_Àyàn:
Ẹ jẹ́ kí n mú ti Whipping Post. Ìlù mọ́kànlá-mọ́kànlá ni wọ́n ń ka ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ẹ má kà á dé mọ́kànlá lẹ́nu o, ahọ́n á lọ́. Ẹ kà á báyìí: ọ̀kan-èjì-ẹ̀ta, ọ̀kan-èjì-ẹ̀ta, ọ̀kan-èjì-ẹ̀ta, ọ̀kan-èjì. Gregg tó kọ orin náà gan-an sọ pé òun ò mọ̀ pé mọ́kànlá ni. Mẹ́ta-mẹ́ta ló ń gbọ́, pẹ̀lú méjì tó fi ń fò padà síbẹ̀rẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí onílù ka "ẹ̀ta" lẹ́yìn "ọ̀kan-èjì" ìkẹyìn yẹn. Ó di méjìlá, béèsì ti wọlé padà, ìlù ṣì wà lẹ́yìn. Ara tó ti mọ́ mẹ́ta-mẹ́ta ló fà á. Béèsì Berry Oakley nìkan ló ṣíde orin. Ẹ jẹ́ kí béèsì tiyín náà yí i po ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ, kí onílù máa pàtẹ́wọ́ sí "ọ̀kan" kọ̀ọ̀kan, kó tó gbá ohunkóhun. Tí orin bá ti wọ ẹsẹ̀, mọ́kànlá ti tán nìyẹn, mẹ́ta-mẹ́ta gbọọrọ ló kù.

Onílù méjì ni ẹgbẹ́ yẹn ní. Butch Trucks ló ń ti orin lọ bí ọkọ̀ ojú irin. Jaimoe, ọmọ jazz, ló ń dá sí i lókè. Létí tèmi, omele tí ò yẹ̀ àti ìyáàlù tó ń sọ̀rọ̀ ni. Onílù kan ṣoṣo tó bá fẹ́ gbá ti àwọn méjèèjì pọ̀ á kàn da orin rú. Kó mú ti Butch, kó fi ti Jaimoe sílẹ̀.

Ọ̀tún_Dickey:
Gbogbo yín ń pe Duane, ẹ ò ní pe Dickey Betts! Gìtá méjì tó ń kọrin pọ̀ ni ẹgbẹ́ yẹn. Ẹ fi íápíìsì gbọ́ ọ: ọ̀kan wà létí ọ̀tún, èkejì létí òsì.

Ohùn kẹta inú scale ni wọ́n sábà máa ń fi bá ara wọn rìn. Ní A: ẹni àkọ́kọ́ ta A B C# D E, ẹni kejì ta C# D E F# G#. Ẹ wo àlàfo wọn: fret 4, 3, 3, 4, 4. Kò dọ́gba. Ẹni tó bá gbé fret 4 kalẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tàbí tó ṣe pedal harmony ẹ̀ (ẹ̀rọ tó ń fi ohùn kejì kún gìtá) bẹ́ẹ̀, á gbọ́ ohùn tó korò ní B àti C#. Méjèèjì tún gbọ́dọ̀ fa okùn pa pọ̀ kí wọ́n sì dúró pa pọ̀. Tí ọ̀kan bá ń gbọ̀n ohùn, tí èkejì dákẹ́ gbagidi, àṣírí tú.

Fún ìbẹ̀rẹ̀ In Memory of Elizabeth Reed: gìtá á dún bíi gòjé. Ẹ yí volume gìtá sí òdo, ẹ ta okùn, kí ọmọńdinrín wá yí volume sókè díẹ̀díẹ̀. Ara òkúta ibojì kan ní Rose Hill, ní Macon, ni Dickey ti rí orúkọ orin náà. Rose Hill yìí kan náà ni wọ́n sin Duane sí, ẹni tí jàǹbá alùpùpù pa ní Macon ní 29 October 1971, ọmọ ọdún 24. Àwo náà ò tíì pé oṣù mẹ́rin lórí àtẹ. Rose Hill náà ni wọ́n sin Oakley sí.

Onígìtá_Mókọ́lá:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti fi okùn 11 sí i. Okùn kẹta já bí mo ṣe ń fà á lọ sí G#.

Bàbá_Àwo:
Okùn mẹ́ta tí à ń fà sókè yẹn kò fẹ́ràn kí wọ́n máa fà wọ́n. Wo ojú ihò nut (ibi tí okùn dúró lé lápá orí gìtá) àti bridge bóyá ibẹ̀ mú, kó o fi lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsù kùn ún. Tó bá tún já, open D ni kó o lò: D A D F# A D. Okùn 6 àti okùn 1 á sọ̀kalẹ̀ sí D, okùn 3 sí F#, okùn 2 sí A. Kò sí èyí tó ń gòkè níbẹ̀. Gbogbo nǹkan á sún síwájú ní fret 2, fret 10 ti Duane á di fret 12 tìrẹ.