Iṣẹ́ ọnà wo ni ọmọ Pírámárì kẹta lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe?

Olùkọ́ Mushin

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin òbí tó wà níbí. Kíláàsì kẹta ni mò ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Mushin, àwọn ọmọ tó wà lọ́wọ́ mi sì lé ní ogójì nínú yàrá kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀. Ní òpin sáà yìí, a ó pe àwọn òbí wá wo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ wọn. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé èyí tí a máa ń gbé jáde lọ́dọọdún kì í ṣe iṣẹ́ àwọn ọmọ náà rárá: a ó ní kí ọmọ mú ìgbálẹ̀ tàbí apẹ̀rẹ̀ wá láti ilé, ìyá rẹ̀ yóò lọ rà á lọ́jà, olùkọ́ yóò sì fún ọmọ ní máàkì. Èyí tí a bá sì ṣe nínú kíláàsì, èmi ni mo máa ń yà á sójú pátákó tí gbogbo wọn yóò máa wò ó yà, títí igi ọsàn ogójì yóò fi jọ ara wọn bí ìbejì. Mo ń wá iṣẹ́ tí ọmọ ọdún mẹ́jọ yóò fi ọwọ́ àti ọpọlọ ara rẹ̀ ṣe, tí kò ní gbówó lórí, tí kò sì ní ba aṣọ ilé ẹ̀kọ́ jẹ́. A kò ní yàrá iṣẹ́ ọnà, kànga kan ṣoṣo ni gbogbo ilé ẹ̀kọ́ sì ń pọn.

Ayàwòrán Yábàá

Olùkọ́ wa, ẹ kú àníyàn àwọn ọmọ. Àdìrẹ ni mo fẹ́ dá lábàá, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí a ń rẹ sínú aró. Bí ẹ bá wo àdìrẹ ẹlẹ́kọ àtijọ́ dáadáa, irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, ẹ ó rí i pé wọ́n pín ojú aṣọ sí ilé-ilé, ilé kọ̀ọ̀kan sì ní àwòrán tirẹ̀. Ẹ wo èyí tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn: ẹni tó ya òpó gbọ̀ngàn Màpó sí i, tó sì ya ṣíbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohun tí ojú rẹ̀ ń rí lójoojúmọ́ ló yà. Ètò yẹn gan-an ló bá kíláàsì ọlọ́pọ̀ ọmọ mu. Ẹ gé bébà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n kan náà, bíi 20 sẹ̀ǹtímítà ní òró àti ní ìbú, kí ẹ sì jẹ́ kí ó yan ohun tí yóò yà fúnra rẹ̀. Ọ̀kan lè ya dáńfó, ọ̀kan lè ya ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀, òmíràn lè ya ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo iṣu lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí ẹ bá tò gbogbo rẹ̀ pọ̀ sára ògiri, yóò di aṣọ ńlá kan, kò sì ní sí ilé méjì tó jọra.

Ohun tí wọn yóò fi yà á ni àbẹ́là funfun, kódà ìdí àbẹ́là tó kù lẹ́yìn tí iná mànàmáná bá dé ti tó. Omi kì í wọ ibi tí ìda bá gbà, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ ṣe ń dí aró lọ́nà lára aṣọ. Ẹ bu àwọ̀ búlúù tí a fi ń fọ aṣọ funfun sínú omi díẹ̀ títí yóò fi ṣú, kí ọmọ wá fi ègé fóòmù kùn ún sójú bébà náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó má ṣe máa lọ̀ ọ́ mọ́ ọn. Gbogbo ibi tí àbẹ́là bá kàn yóò dúró ní funfun. Kí ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n tẹ àbẹ́là náà mọ́lẹ̀ gidigidi, nítorí pé ọwọ́ fẹ́rẹ́ kò ní fi ìda tó pọ̀ tó sílẹ̀. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju pẹ́ńsù lọ, nítorí pé àbẹ́là funfun kì í hàn lórí bébà funfun: ọmọ kò lè wo ti ẹnìkejì rẹ̀ dà kọ, kò sì lè máa fi rọ́bà pa nǹkan rẹ́ láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀. Garawa omi kan tó fún gbogbo kíláàsì.

Ẹ jọ̀ọ́, bí òbí kan bá ní dandan ni kí ó jẹ́ àdìrẹ gidi, ẹ má gbà. Kọ́sítíìkì sódà ni wọ́n ń pò mọ́ ọ̀pọ̀ aró tí wọ́n ń tà lọ́jà, ó sì máa ń jó awọ ara, ó sì lè ba ojú jẹ́.

Ìyá Ìbejì, Ìsàlẹ̀ Èkó

Èmi kì í ṣe olùkọ́, òbí ni mí, ìmọ̀ràn mi kò sì gùn. Ní àdúgbò wa ní Pópó Àgùdà, àwọn ilé tí àwọn tó ti Brazil padà wálé kọ́ ṣì wà níbẹ̀, pẹ̀lú fèrèsé onígi àti òkè ẹnu ọ̀nà tó tẹ̀ bí ọrun. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894 náà wà ní Èkó, irú iṣẹ́ wọn ni. Ẹ lè ní kí àwọn ọmọ fi páálí ṣe iwájú ilé bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì fi ègé áńkárá tí àwọn aránṣọ ń gbá dànù ṣe ọ̀ṣọ́ rẹ̀. Ó tilẹ̀ yẹ kí wọ́n tètè mọ̀ wọ́n, nítorí pé ọdún 2016 ni wọ́n wó Ilojo Bar, ọ̀kan nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ní Tinúbú, bẹ́ẹ̀ ìjọba ti kà á mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Kí ẹ má kàn ṣe ní kí a ra nǹkan kan wá.

Olùkọ́ Mushin

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ti àbẹ́là yẹn wọ̀ mí lọ́kàn. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé àwọn òbí kan yóò wo iṣẹ́ ọmọ, wọn yóò ní ìranù ni, wọn yóò sì béèrè ohun tí àwọn ń san owó lé lórí.

Olùkọ́ Àgbà, Ẹbúté Mẹ́tà

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo fara mọ́ púpọ̀ nínú ohun tí Ayàwòrán sọ, ṣùgbọ́n mi ò gbà pé kí a kàn sọ fún ọmọ pé kí ó ya ohun tó wù ú. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ilé kan náà ni gbogbo wọn yóò yà, òrùlé onígun mẹ́ta, igi àgbọn kan, oòrùn ní kọ̀rọ̀. Ọmọ ní láti kọ́kọ́ wo nǹkan. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun ní Èkó. Àìná Ọnàbólú, ẹni tó jà fún kí wọ́n máa kọ́ àwòrán yíyà ní ilé ẹ̀kọ́ wa, ń kọ́ àwọn ọmọ láti ya nǹkan bí ojú ṣe rí i gan-an. Kenneth Murray, tó dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1927, fẹ́ kí wọ́n máa wo àyíká àti iṣẹ́ ọnà àwọn baba wọn. Nínú kíláàsì yín, ẹ nílò méjèèjì. Ẹ kó wọn jáde sí ẹnu géètì, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ohun kan ṣoṣo, kí ó wò ó pẹ́, kí ó sì sọ fún ẹni tó jókòó tì í bí ó ṣe rí: ta ni ó jókòó síwájú dáńfó, iye ẹsẹ̀ tí tábìlì alákàrà ní, ibi tí okùn aṣọ so mọ́. Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n tó gba àbẹ́là.

Ní ti àwọn òbí, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ gbólóhùn kan sí abẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ ní Yorùbá, kí ó sọ ohun tó yà àti ìdí tó fi yà á. Òbí tó bá kà pé, “Kẹ̀kẹ́ bàbá mi nìyí, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ ti jò,” kò ní ráyè sọ̀rọ̀ ìranù. Ẹ má sì fi ọwọ́ yín tún iṣẹ́ ọmọ kankan ṣe, kódà bí alábòójútó bá ń bọ̀.

Ayàwòrán Yábàá

Bàbá wa, mo gbà bẹ́ẹ̀ tọwọ́tẹsẹ̀, ó yẹ kí wíwò ṣáájú. Mo tún gbàgbé láti sọ pé bí ẹ bá ní kíláàsì karùn-ún, wọ́n lè fi láfún tí a sè ki ya tiwọn sórí tẹ́rù funfun pẹ̀lú ìyẹ́ adìẹ, kí wọ́n sì kun ọ̀dà ìkunlé olómi lé e lórí tí ó bá ti gbẹ. Sùúrù ni ó gbà. Ní sáà kẹta, nígbà tí òjò Èkó bá ń rọ̀ lójoojúmọ́, ẹ̀kọ yẹn lè má gbẹ bọ̀rọ̀.

Olùkọ́ Mushin

Ẹ kú ìnáwó ọgbọ́n. Èmi yóò pín wọn sí ọ̀nà méjì: ìdajì yóò máa ka ìwé nígbà tí ìdajì bá wà nídìí omi búlúù. Kàlẹ́ńdà àtijọ́ pọ̀ ní ọ́fíìsì wa. Ṣé ẹ̀yìn rẹ̀ lè ṣiṣẹ́ dípò bébà tuntun?

Ayàwòrán Yábàá

Ó lè ṣiṣẹ́ bí ẹ̀yìn rẹ̀ kò bá dán. Ẹ kán omi búlúù sí kọ̀rọ̀ rẹ̀ kan: bí ó bá mu ún, ẹ gé e, bí omi náà bá ń yí gbirigbiri lórí rẹ̀, ẹ wá òmíràn.