Gannet, ẹyẹ òkun tó ń forí sọ omi: ẹ wá sọ èyí tí ojú yín rí

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Ẹyẹ kan wà tó wù mí ká jọ sọ̀rọ̀ lé lórí. Gannet ni, òun ló tóbi jù nínú àwọn ẹyẹ òkun tó ń pamọ ní apá àríwá Òkun Àtìláńtíìkì. Bó bá na apá rẹ̀ tán, láti ṣóńṣó kan dé èkejì lè tó 180 sẹ̀ǹtímítà.

Orí òkè etíkun kan ni mo wà nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i dáadáa. Atẹ́gùn ń fẹ́, ìgbì ń lu àpáta, ẹyẹ funfun kan sì ń rábàbà lókè réré. Ṣàdédé ló dorí kodò tó bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó kan omi, ó ká apá méjèèjì sẹ́yìn, ó sì nà wọ́n gbọọrọ mọ́ra. Gbì! Omi ta sókè. Nígbà tó máa fi yọrí, mi ò rí ẹja lẹ́nu rẹ̀, torí abẹ́ omi lọ́hùn-ún ló ti sábà máa ń gbé e mì.

Ẹni tó bá fẹ́ dá a mọ̀ láti òkèèrè, kó má fi àwọ̀ ṣe àmì àkọ́kọ́. Ìrísí ara rẹ̀ ni kó wò. Ó ṣóńṣó níwájú, ó ṣóńṣó lẹ́yìn, apá rẹ̀ gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹyẹ àkẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ìrù tiẹ̀ fẹ̀, ọrùn rẹ̀ sì kúrú. Bí àgbà gannet bá wá sún mọ́ tòsí, ẹ ó rí i pé ara rẹ̀ funfun báláú, ṣóńṣó apá rẹ̀ dúdú minimini, orí àti ọrùn rẹ̀ sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ẹni fẹ́ ní àwọ̀ ìyeyè.

* * *

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ àwọ̀ tí ẹ sọ yẹn gan-an ló mú mi dá sí i, torí ọmọ gannet kì í funfun.

Lẹ́yìn ìjì ńlá kan, a bá ọ̀kan lórí iyanrìn. Ó ṣú dúdú, àmì funfun wínníwínní sì kún ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn tó yí i ká ń jiyàn: ẹnì kan ní àwòdì ni, ẹlòmíì ní pẹ́pẹ́yẹ kan ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló parí iyàn. Awọ so ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, títí kan èyí tó kọjú sẹ́yìn. Ti pẹ́pẹ́yẹ kò ju mẹ́ta iwájú lọ.

Ó máa ń gbà á ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin sí márùn-ún kó tó funfun tán. Orí àti àyà ló máa ń kọ́kọ́ mọ́, nígbà tí dúdú àti funfun ṣì máa dà pọ̀ mọ́ra lórí apá rẹ̀. Bí ẹ bá rí èyí tó rí bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ́ ni, kì í ṣe irú ẹyẹ mìíràn.

Ohun tó tún yẹ ká mọ̀ ni bó ṣe ń kúrò nílé. Tó bá tó nǹkan bí 90 ọjọ́, á bẹ́ láti orí àpáta. Àwọn òbí rẹ̀ ti bọ́ ọ débi pé ó wúwo jù wọ́n lọ. Á rá dé orí omi, àmọ́ kò ní lè gbéra níbẹ̀ mọ́. Ṣe ló máa ń lúwẹ̀ẹ́ lọ fún bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí á máa jẹ ọ̀rá ara rẹ̀, kó tó lè fò. Gúúsù ló ń kọrí sí, ọ̀pọ̀ wọn sì ń dé etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Bí ìjì bá wá ká a mọ́ agbede méjì, etí iyanrìn ló ń bá ara rẹ̀.

* * *

Èmi tí mò ń bá ọkọ̀ apẹja jáde, mo fẹ́ràn wọn gidigidi. Bí ọ̀kan bá já wọ omi, àwọn tó wà lọ́nà jíjìn á ti rí funfun ara rẹ̀, wọ́n á sì ya dé. Kí a tó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́, gbogbo ojú omi á ti máa hó, torí ọ̀wọ́ makẹrẹ́lì ti wà nísàlẹ̀. Wọ́n lè já bọ̀ láti 30 mítà, eré wọn sì lè tó nǹkan bí 100 kìlómítà ní wákàtí kan. Àpò afẹ́fẹ́ tó wà lábẹ́ awọ ojú àti àyà wọn ni kì í jẹ́ kí omi ṣe wọ́n léṣe.

* * *

Ọkọ̀ ojú omi kan gbé wa yí Bass Rock po, erékùṣù olókùúta kan ní etíkun Scotland. A ò tíì sún mọ́ ọn tí òórùn ìgbẹ́ ẹyẹ ti gba imú wa, ariwo wọn sì ń dún lérí ara wọn. Nígbà tí wọ́n kà wọ́n lọ́dún 2014, ìtẹ́ tó lé ní 75,000 ni wọ́n bá níbẹ̀. Àwọn ìtẹ́ náà sún mọ́ra débi pé àgógó ẹyẹ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara ẹnìkejì.

Mo tẹjú mọ́ tọkọtaya kan. Èyí tó ti òkun dé dúró kojú ìkejì, àyà kan àyà, wọ́n ń fi àgógó gbá ara wọn sókè sódò, bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn nìyẹn. Ẹyin kan ṣoṣo ni wọ́n ń yé, awọ ẹsẹ̀ wọn ni wọ́n sì fi ń bò ó kó lè móoru, fún bí ọjọ́ 44. Kí èyí tó jókòó tì í tó gbéra, ó nàgà, ó tọ́ka àgógó rẹ̀ sójú ọ̀run gán-án, ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àmì pé ó fẹ́ lọ nìyẹn, kí ìkejì rẹ̀ má bàa lọ pẹ̀lú.

Lọ́dún 2022, àrùn lukuluku ẹyẹ (bird flu) kọlù wọ́n. Ó pa ọ̀pọ̀lọpọ̀, ó sì dùn mí dọ́kàn. Lára àwọn tó yè é, ẹyinjú wọn tó jẹ́ búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tẹ́lẹ̀ ti di dúdú.

* * *

Torí àrùn tí ẹ dárúkọ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni tó bá bá gannet tó ń ṣàìsàn tàbí tó ti kú, kó má fọwọ́ lásán kàn án. Kó pe àwọn tó ń tọ́jú ẹyẹ.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé ọ̀kan tó fara pa. Ẹ̀gbẹ́ àgógó rẹ̀ ní eyín wẹ́wẹ́ bíi ti ayùn, ojú èèyàn ló sì ń dọdẹ. Wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòjú, wọ́n fi aṣọ ìnura bò ó lórí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá fa rọ́bà yọ, ó fẹ́ fi di àgógó náà. Ìyá tó ṣáájú wa pariwo pé, “Dákun, má dì í!” Ó fi ọwọ́ tọ́ àgógó náà sí wa láti òkè dé ìdí, kò sí ihò imú lórí rẹ̀. Ẹnu ni gannet fi ń mí, àlàfo tó wà ní igun ẹnu rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ẹni tó bá dì í lẹ́nu, ó ti pa á nìyẹn.