Fast lens kì í ṣe lẹ́ǹsì tó ń sáré o

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé lálẹ́ àná túmọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ Òyìnbó tí wọ́n fi ń júwe lẹ́ǹsì kámẹ́rà sí Yorùbá: wọ́n pe fast lens ní "lẹ́ǹsì ayára", wọ́n pe standard ní "òṣùwọ̀n", wọ́n wá ní sharp ni "mímú". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, àmọ́ ẹni tó bá ka "lẹ́ǹsì ayára òṣùwọ̀n tó mú" á rò pé ọ̀bẹ lẹ fẹ́ tà fóun ni.

Lẹ́ǹsì ò yára rárá, ojú kan ló wà. Ihò inú ẹ̀ ló fẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ fi ń rọ́ wọlé, ìlẹ̀kùn tí wọ́n ń pè ní shutter ò wá ní pẹ́ ní ṣíṣí kó tó padé, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ọmọ tó ń sáré kiri níbi ìsọmọlórúkọ ò ní dà bí òjìji nínú fótò. Ìlẹ̀kùn ló yára! Ihò yẹn sì ti lórúkọ lọ́dọ̀ wa tipẹ́, ọmọlójú ni. Ẹ wo ojú ológbò lọ́sàn-án, kẹ́ ẹ tún un wò lálẹ́, nǹkan kan náà ni. Èmi á pè é ní lẹ́ǹsì ọlọ́mọlójú-ńlá, ó gùn díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ran àwọn tí nọ́ńbà f, irú f/1.4 tí wọ́n ń kọ sára lẹ́ǹsì, ń dà láàmú lọ́wọ́: tí lẹ́ǹsì bá jẹ́ 50 mm (nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe ń fa nǹkan súnmọ́ tó), ẹ fi 1.4 pín 50, ọmọlójú á fẹ̀ tó 36 mm, ẹ fi 1.8 pín in, kò ju 28 lọ. Bí nọ́ńbà ṣe ń kéré ni ihò ń fẹ̀.

Standard, "abójútirí" ti tó, torí 50 mm ò fa nǹkan súnmọ́ ò sì tì í sẹ́yìn.

Sharp gan-an ló le. Kò sí onífótò tó máa ní fótò "mú", wọ́n á ní ó ṣáàpù, tàbí ó hàn kedere, tí ò bá dáa wọ́n á ní ó ṣe bàìbàì. Àmọ́ kedere nìkan ò tó, torí fótò lè hàn kedere lókèèrè, kẹ́ ẹ wá fẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà kẹ́ ẹ má rí òwú aṣọ òkè tí ìyàwó wọ̀. Lẹ́ǹsì tó bá ya òwú yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yà á *fínnífínní*, ọ̀rọ̀ tí mò ń wá nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pe value, ìyẹn kí ọjà tó iye tá a fi rà á, ní "iyì" ńkọ́? Ṣé ọjà là ń sọ ni àbí oyè? Lẹ́ǹsì 50 mm f/1.8 ti ilé iṣẹ́ Canon tó jáde ní 2015, dọ́là 125 ni wọ́n kọ́kọ́ ń tà á, f/1.4 wọn ti 1993 wọ́n jù ú lọ ní ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ bá dín ọmọlójú àwọn méjèèjì kù dé f/5.6, ta ló máa mọ èwo ló ya èwo? Èmi á kàn ní ti olówó pọ́ọ́kú yẹn "tó owó ẹ̀", kò tiẹ̀ nílò ọ̀rọ̀ tuntun kankan.

Tá a bá wá gba ọmọlójú, ṣé shutter ò ní máa jẹ́ ìpéǹpéjú báyìí? Ẹ̀gbọ́n, ẹ dá mi lóhùn.