Sàárà kì í gba tíkẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ kú àárọ̀ o. Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní kí a wá orúkọ méjì: ọ̀kan fún àpèjẹ tí wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kí ènìyàn lè tọ́ oríṣiríṣi oúnjẹ wò, kí owó ibẹ̀ sì lọ sọ́dọ̀ àwọn aláìní, èkejì fún fọ́tò tí a ń ya àwọn oúnjẹ náà. Àbúrò wa ará Ọ̀fà dá a lóhùn pé "sàárà ìtọ́wò" ni ti àkọ́kọ́, "ìfojújẹ" ni ti èkejì. Ó dùn létí, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n n kò gbà. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, mo mọ̀ pé kò ní jẹ́ kí ẹ̀yìn òun tètè kanlẹ̀.

Ní Ìlọrin níbí, a kì í fi sàárà ṣeré. Inú sadaqa ti èdè Lárúbáwá ló ti wá, ó sì ti di ti ilé pátápátá. Bí Ìyá Àlájà bá dín àkàrà lówùúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, tó kó o fún àwọn ọmọ ilé kéwú, kí ló ń gbà lọ́wọ́ wọn? Àdúà. "Ọlọ́run á gbà á," ó tán. Ẹni tó sanwó kó tó jẹun, oúnjẹ ló rà, ì báà jẹ́ aláìní ni owó náà ń lọ bá. Sàárà rẹ̀ wà nínú owó, kò sí nínú àwo.

"Ìtọ́wò" náà ní tirẹ̀. Ẹ lọ sí ọjà Ìpàtà, ẹ bu gààrí díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ jù ú sẹ́nu. Ìyá tó ń tà á kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín (bí ẹ bá bù ú lẹ́ẹ̀kẹta, ojú tí yóò fi wò yín, ẹ̀yin lẹ mọ̀). Ọ̀fẹ́ ni ìtọ́wò, ọ̀fẹ́ ni sàárà. Ẹ wá so ọ̀fẹ́ méjì pọ̀, ẹ fi sọ orúkọ ohun tí wọ́n ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. "Àpèjẹ ìkówójọ" ni tèmi. Àpèjẹ á sọ fún àlejò pé oúnjẹ wà, ìkówójọ á sọ fún un pé kó má gbàgbé owó sílé. Àwọn tó ní láńṣìn ni kí a kúkú máa pè é kò jẹ̀bi púpọ̀, àmọ́ láńṣìn ti ní alága àti tábìlì ọlọ́lá nínú.

Ibi tí mo ti fẹ́ jà gan-an ni "ìfojújẹ". Yorùbá kì í fi ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ kó bí ọmọ gidi. Ẹ gbọ́ ojúkòkòrò. Ẹ gbọ́ ọ̀kánjúwà. Ọmọ tó bá dúró tó ń wo ẹnu àlejò tó ń jẹun, ìyá rẹ̀ á ṣẹ́jú sí i, bí kò bá gbọ́, wọ́n á jọ sọ ọ́ nínú yàrá. Bí ẹ bá wá pe èmi ayafọ́tò ní "afojújẹ", ẹ bú mi ni.

Ẹnìkan sọ pé ojú ti wà nínú "tọ́wò" tẹ́lẹ̀, pé "wò" ni. Rárá o. Wò ti dán an wò ni, wò ti wọ̀ ọ́ wò lọ́dọ̀ télọ̀. Ahọ́n ló ń ṣe wò yẹn. Ti ojú ni ó wà nínú àwòrán, èyí tí àwọn kan ń tú sí à-wò-rántí, àti nínú awòran, ẹni tó ń wo ìran. Ẹ má fi àmì ohùn ṣeré: ẹ yọ ọ́ kúrò, olùwòran á di fọ́tò.

Wọ́n pè mí wá ya fọ́tò níbi irú àpèjẹ bẹ́ẹ̀ ní Tanke lọ́dún tó kọjá. Mo dojú kámẹ́rà kọ àmàlà, ooru rẹ̀ bò ó lójú. Mo fi etí bùbá nù ún, ó tún bò ó. Nígbà tí ooru fi máa rọlẹ̀, àmàlà ti gbẹ lójú bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Wàrà ló fún mi níṣẹ́ jù. Iná tí mo tàn sí i sọ ọ́ di ẹfun lásán, àfi ìgbà tí mo gbé igbá náà lọ sẹ́bàá fèrèsé ni ihò wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ tó hàn. Mo kọ "wàrà" sábẹ́ fọ́tò, ará Èkó kan béèrè pé mílíìkì dà. "Wàrà àti oyin" inú Bíbélì ló mọ̀. Lọ́dọ̀ wa, èyí tí àwọn obìnrin Fúlàní fi oje bọmubọmu mú dì ni wàrà, tí a ń dín, tí a ń fi ata jẹ. Kò sẹ́ni tó ń purọ́ nínú àwa méjèèjì.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tí a ń wá kiri. Wọ́n to àwo kan lọ́ṣọ̀ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọkùnrin onítíkẹ́ẹ̀tì kan nawọ́ sí i, ìyá alásè ní, "Má fọwọ́ kan ìyẹn o, ti fọ́tò ni." Títí ilẹ̀ fi ṣú, "ti fọ́tò dà?", "ẹ sún ti fọ́tò sẹ́yìn" ni gbogbo wọn ń wí. Ẹni kankan ò béèrè ìtumọ̀. "Fọ́tò oúnjẹ" fún iṣẹ́ náà, "ti fọ́tò" fún àwo rẹ̀: ẹ jẹ́ ká kọ méjèèjì sílẹ̀.

Nígbà tí a ń palẹ̀ mọ́, ìyá náà da ti fọ́tò, tútù rinrin, sínú kúlà, ó gbé e fún mégáàdì. Bàbá náà na ọwọ́ méjèèjì, ó ní, "Ọlọ́run á gbà á." Àbúrò mi ará Ọ̀fà, ìyẹn ni mo gbà kí o pè ní sàárà.