Ta ló ń fúnni ní láísẹ́ǹsì ọtí ní Iléṣà? Mo fẹ́ fi bíà kún iyán tí mò ń tà

Ìyá Oníyán

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ káńsù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.

Iyán ni mò ń tà ní Iléṣà níbí. Ìyá mi ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ọwọ́ wọn ni mo ti gbà á. Ọ̀sán la máa ń bẹ̀rẹ̀, tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú a ti palẹ̀ mọ́. Àmọ́ láti ìgbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tó wà nílùú ti di Yunifásítì Iléṣà, àwọn ọmọ iléèwé ti gba yàrá kún àdúgbò wa. Aago mẹ́sàn-án alẹ́, mẹ́wàá alẹ́, wọ́n á máa kanlẹ̀kùn pé, "Màmá, ṣé oúnjẹ ò tíì tán?" Ó máa ń dùn mí tí mo bá dá wọn padà lébi. Mo wá ń rò ó pé kí n máa ṣí di nǹkan bí aago méjìlá òru, kí n fi àsun, pẹ́pẹ́súùpù ẹja àrọ̀ àti indómì ẹlẹ́yin kún un, kí n sì máa ta bíà. Trophy kúkú nìyí, Omi-Asọ̀rọ̀ níbí ni wọ́n ti ń pọn ọ́n láti 1978. Ẹni tó ń pín in ti ní òun á já kéètì sílẹ̀ fún mi, kí n máa san owó ẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé fíríìjì ọtí náà dé ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. N kò tíì ta ìgò kan ṣoṣo. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta kan wọlé, wọ́n ní káńsù ló rán àwọn. Ìwé tí wọ́n fà yọ, fọ́tòkọ́pì ni. Wọ́n kọ "LIQUOR" gàdàgbà sí òkè ẹ̀. Ibi tó yẹ kí orúkọ ṣọ́ọ̀bù wà ṣófo. Iye owó nìkan ni wọ́n fi bírò kọ, ó sì hàn gbangba pé wọ́n ti fagi lé iye kan kí wọ́n tó kọ òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Kò sí òǹtẹ̀, kò sí nọ́ńbà àkáǹtì, owó ọwọ́ ni wọ́n fẹ́. Èyí tó ń ṣe ọ̀gá nínú wọn ní tí n kò bá san án, àwọn á ti ṣọ́ọ̀bù pa, ìwé oúnjẹ mi ò sì lè gbà mí sílẹ̀. N kò san kọ́bọ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n ṣe ìwádìí.

Mo ṣe tán láti sanwó o. Ẹni tó tọ́ sí ni mo fẹ́ san án fún, kí n sì gbé ìwé tó péye kọ́ ara ògiri. Ta ló ni àṣẹ yìí gan-an, ṣé káńsù ni àbí Òṣogbo? Ṣé ìwé tí mo fi ń ta oúnjẹ kò kó ọtí mọ́ra ni? Aago mélòó ló yẹ kí n tilẹ̀kùn? Màmá àgbàlagbà kan ń gbé ní ilé kejì sí mi, ojú wọn ni mo ti dàgbà. N kò fẹ́ kí oorun wọn bàjẹ́ nítorí tèmi.

Bàbá Wolé-wolé

Ìyá Oníyán, ẹ kú iṣẹ́. Ó dáa bí ẹ kò ṣe san owó yẹn. Iṣẹ́ wolé-wolé ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì, mo sì ti rí irú ìwé tí ẹ ń wí yẹn dáadáa.

Káńsù ló ni àṣẹ. Ó wà nínú Àfikún Kẹrin ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999, níbi tí wọ́n ti ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n dárúkọ ṣọ́ọ̀bù àti ìsọ̀, wọ́n dárúkọ ilé oúnjẹ àti ibi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá dárúkọ láísẹ́ǹsì ọtí lọ́tọ̀. Ẹ rí i pé wọn kò pa á pọ̀ mọ́ oúnjẹ, torí náà ìwé oúnjẹ yín kò gba ọtí. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ló ń ṣe òfin tó gbé iṣẹ́ náà lé káńsù lọ́wọ́, ibẹ̀ ni ẹ ti lè gbọ́ tí wọ́n ń dárúkọ Òṣogbo, àmọ́ káńsù ni ẹsẹ̀ yín máa gbà. Òfin 1998 tó to owó-orí ìjọba kọ̀ọ̀kan lẹ́sẹẹsẹ náà fi owó láísẹ́ǹsì ọtí sábẹ́ káńsù, ó sì pè é ní "on" àti "off".

"On" àti "off" yìí ló máa ń da àwọn èèyàn láàmú. "Off" ni ti ẹni tó ń ta ọtí tí oníbàárà ń gbé lọ sílé. "On" ni ti ibi tí oníbàárà á ti jókòó mu ún. Tí ẹ bá gba "off" tí ẹ wá to àga àti tábìlì síta, ẹ ti fún wọn ní ohun tí wọ́n á fi mú yín nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ kí wọ́n jẹ àsun kí wọ́n sì fi bíà sín in, "on" ni tiẹ̀. Ẹ tún bi wọ́n bóyá bíà nìkan ni ìwé náà gbà, àbí ó kan ọtí líle.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ká mi lára jù. Ẹni tó wá jẹ iyán, tó bá jẹun tán, á fọwọ́, á lọ. Ẹni tó wá mu bíà á pẹ́ níbẹ̀, á sì tọ̀, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Níbi tí kò bá ti sí ilé ìtọ̀, ara ògiri ilé kejì ni wọ́n máa ń lọ. Ògiri màmá tí ẹ dárúkọ yẹn ni o. Kí n tó wo ìkòkò ọbẹ̀ ẹnikẹ́ni tó fẹ́ gba láísẹ́ǹsì ọtí, ilé ìtọ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ohun kejì ni gọ́tà. Àwọn tó ń ta oúnjẹ òru, tí wọ́n bá ti fi eérú fọ ẹja àrọ̀ tán, inú gọ́tà ni wọ́n ń da omi ikun yẹn sí torí pé ẹnikẹ́ni ò rí wọn. Tí oòrùn bá yọ, gbogbo àdúgbò á gbọ́ òórùn ẹ̀, orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín ni wọ́n á sì mú wá sí ọ́fíìsì. Ẹ wá ike ńlá tí ẹ ó máa dà á sí.

Àwọn tí ẹ máa gbà fún iṣẹ́ alẹ́ náà gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò ìlera bíi ti àwọn tọ̀sán, ìgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun kì í wo aago.

Ní ti owó sísan, Iléṣà ní káńsù méjì, ti Ìlà-Oòrùn àti ti Ìwọ̀-Oòrùn. Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tí ṣọ́ọ̀bù yín bọ́ sí. Ti Ìwọ̀-Oòrùn wà ní Eréjà. Ẹ fẹsẹ̀ ara yín lọ, ẹ gba fọ́ọ̀mù, ẹ san owó sí àkáǹtì káńsù ní báńkì, kí orúkọ ṣọ́ọ̀bù wà lórí risíìtì. Ẹ rántí bí ìjà ṣe bẹ́ sílẹ̀ ní 2025 lórí ẹni tó ni ipò alága káńsù ní Ọ̀ṣun. Ẹni tó ní ìwé báńkì lọ́wọ́ ló lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun ti san.

Ọmọ Lágéré

Màmá, ẹ kú alẹ́ o. Ilé-Ifẹ̀ ni mo wà, pẹ́pẹ́súùpù àti bíà ni mò ń tà ní Lágéré, àwọn ọmọ OAU ló pọ̀ jù nínú oníbàárà mi. Ẹ bẹ káńsù kí wọ́n kọ aago tí ẹ ó máa tilẹ̀kùn sínú ìwé náà, ẹ má gba ti ẹnu. Tó bá kan ariwo, òfin àpapọ̀ ti 2009 wà lórí ẹ̀. Láti aago 10 alẹ́ sí 6 àárọ̀ ni òfin náà kà sí òru, ariwo tó sì gbà lóru kéré gan-an sí tọ̀sán. Tèmi, aago mẹ́wàá géérégé, mo ti pa sípíkà. Aago mọ́kànlá mi ò ta ọtí mọ́, oúnjẹ nìkan ló kù títí di ìgbà tí mo bá tilẹ̀kùn. Ìyẹn ló jẹ́ kí n lè máa kí àwọn ará àdúgbò láàárọ̀.

Ẹ tún ṣọ́ kéètì àwìn yẹn. Ìgò òfo tó bá fọ́ tàbí tó sọnù, ọrùn yín ló wà. Ẹ má jẹ́ kí àwọn oníbàárà gbé ìgò kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọmọ tí ojú wọn ò bá jọ ti ọmọ ọdún 18, mínírà ni kí ẹ gbé fún wọn, bí wọ́n tilẹ̀ ń bínú.

Abiyamọ Ìjẹ̀ṣà

Ìyá Oníyán, ẹ má bínú sí mi. Iléṣà lèmi náà wà, ẹ̀gbẹ́ ilé ọtí ni mo sì ń gbé. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, oúnjẹ àti bíà ni wọ́n ní àwọn ń tà. Kò pẹ́ tí ọtí inú ọ̀rá fi dé, paraga tẹ̀ lé e. NAFDAC ti ṣíwọ́ fíforúkọ ọtí inú ọ̀rá tuntun sílẹ̀ láti 2022, síbẹ̀ mò ń gbá ọ̀rá ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi láràárọ̀. Ọmọbìnrin mi ń múra WAEC, etí ló ń fi ọwọ́ dí kàwé. Tó bá jẹ́ oúnjẹ alẹ́ ni, mo dúró tì yín gbágbágbá, àwọn ọmọ ọlọ́mọ ò gbọdọ̀ sùn lébi. Àmọ́ ọtí yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó dáadáa.

Ìyá Oníyán

Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá. Ọmọ Lágéré, Ọlọ́run á bù sí i fún ẹ. Abiyamọ, n kò bínú, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Ọtí inú ọ̀rá kò ní wọ ṣọ́ọ̀bù mi láéláé, bẹ́ẹ̀ ni paraga. Oúnjẹ alẹ́ ni mo máa kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Fíríìjì yẹn, omi àti mínírà ló máa wà nínú ẹ̀ títí ìwé "on" á fi jáde. Tí kò bá jáde, mo ní kí wọ́n wá gbé e lọ.

Bàbá, ìbéèrè kan ló kù. Ilé ìtọ̀ tó wà, inú àgbàlá onílé ló wà, èmi àti àwọn ayálégbé méjì la jọ ń lò ó. Ṣé wolé-wolé á gbà á?

Bàbá Wolé-wolé

Tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní gbà á. Òru ni àwọn oníbàárà yín máa lò ó, ayálégbé sì nílò kí wọ́n lè ti géètì kí wọ́n sùn. Ẹ bá onílé sọ̀rọ̀, bóyá ó lè yọ̀ǹda igun kan ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù fún yín láti kọ́ ti obìnrin àti ti ọkùnrin, kí omi àti iná wà níbẹ̀. Kí ó fọwọ́ sí ìwé pé òun gbà pé kí ẹ máa ta ọtí nínú ilé òun. Ẹ mú ìwé yẹn àti risíìtì owó ilé dání tí ẹ bá ń lọ gba fọ́ọ̀mù.

Àwọn ọkùnrin mẹ́ta yẹn, tí wọ́n bá padà wá, ẹ ní kí wọ́n fi káàdì iṣẹ́ hàn yín, kí ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀ níṣojú wọn.

Ìyá Oníyán

Mo gbọ́ sà. Mo ti pe onílé, ó ní kí n wá rí òun lọ́jọ́ Sátidé.