Jíà ọ̀tòmátíìkì tó ń yọ̀ lórí òkè Ẹ̀fọ̀n

Ọmọ Adó: Ẹ̀yin ọ̀gá, bí ọkọ̀ ọ̀tòmátíìkì bá ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè, tí ẹ́ńjìnnì ń ké ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ ò yára, kí ló ń fà á?

Bàbá Jíà: Ẹ wo òróró jíà ná. Ẹ páàkì síbi tó tẹ́jú, kí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, kó sì máa ṣiṣẹ́. Ẹ gbé jíà kọjá R (ẹ̀yìn), N (òfo), D (iwájú), ẹ dá a padà sí P (ìdúró), kí ẹ tó fa ọ̀pá ìwọ̀n yọ. Bí òróró náà bá dúdú tó ń rùn bí nǹkan tó jó, kúlọ́ọ̀ṣì inú jíà ti ń jẹ tán nìyẹn.

Ìkẹ́rẹ́ Mótò: Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Àmọ́ ti Honda yàtọ̀ o: ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń pa kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Bó bá sì jẹ́ CVT, ìyẹn jíà ọ̀tòmátíìkì tó ń fi bẹ́líìtì àti púlì ṣiṣẹ́, òróró tirẹ̀ nìkan ni kí ẹ lò. Òróró mìíràn á jẹ́ kí bẹ́líìtì yọ̀, á sì ha púlì.

Ọmọ Adó: Bí a bá fẹ́ pààrọ̀ òróró jíà, ṣé títú páànù, àwo tó gba òróró sí ìsàlẹ̀ jíà, ti tó?

Bàbá Jíà: Rárá. Púpọ̀ nínú òróró náà ṣì wà nínú torque converter, ìyẹn ohun tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà.