Ọkọ̀ ojú omi wo ló dára jù láti Stockholm lọ sí Mariehamn?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo wá tọrọ lórí Mariehamn, olú-ìlú erékùṣù Åland. Abẹ́ Finland ló wà, owó Yúrò ni wọ́n ń ná, àmọ́ èdè Swedish ni wọ́n ń sọ.

Ọ̀nà méjì ló wà nílẹ̀. Ọkọ̀ ńlá tó ń lọ sí Turku, ìlú kan ní Finland, máa ń yà ní èbúté Mariehamn. Èkejì ni kéèyàn wọ bọ́ọ̀sì dé Grisslehamn, èbúté kan ní Sweden, kó wọ ọkọ̀ tó ń fi nǹkan bíi wákàtí 2 sọdá sí Eckerö ní Åland, kó tún wọ bọ́ọ̀sì dé ìgboro.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni Långnäs, èbúté mìíràn ní Åland. Ibẹ̀ làwọn ọkọ̀ alẹ́ kan ń dúró sí, ó sì tó nǹkan bíi kìlómítà 30 sí ìlú. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá gbé èèyàn síbẹ̀ lóru, ṣé dandan ni kó ti bá onítakisí sọ̀rọ̀ ṣáájú? Aago wọn tún fi wákàtí 1 ṣáájú ti Stockholm. Ẹni tí kò bá yí aago rẹ̀ lè pàdánù ọkọ̀ ìpadàbọ̀.

Físà Schengen kan náà ló kárí Sweden àti Finland. Ti UK kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rárá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lo páálí Nàìjíríà, ṣé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́nu ọkọ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, oṣù wo ni kí n lọ? Mo fẹ́ wọ inú Pommern, ọkọ̀ àtijọ́ olópòó mẹ́rin tí wọ́n kàn lọ́dún 1903, kí n sì jẹ páńkéèkì wọn tó ní kádámọ́mù nínú.